Ohùn Àbẹ̀kẹ́ Nínú Àpótí Méjì

Àbẹ̀kẹ́, ọmọ Ìjẹ̀bú, ọmọ Alárè. Adúmáradán, eyín-fún-jowó, ìbàdí-ìlẹ̀kẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ tó ń dá orin tí gbogbo ìjọ ń gbè. Ìyá àwọn ọmọ mi, aya tó bá mi mu gààrí ní yàrá kan ṣoṣo ní Mushin tí kò kùn, tó bá mi jẹ ẹran ní Súrùlérè tí kò gbéraga. Òun ni mò ń sọ. Gbogbo àwọn tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí ni mo mọ orúkọ wọn, mo mọ orúkọ ìyá tó bí wọn pẹ̀lú, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ da orúkọ alààyè pọ̀ mọ́ ti òkú. Oríkì rẹ̀ nìkan tó mi.

Káfíńtà ni mí. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Nígbà tí mo ṣì lágbára, èmi ni mò ń kan pákó sípíkà fún àwọn tó ń ta àwo orin ní Mushin. Àwọn sípíkà méjì tó dúró ní pálọ̀ mi títí dòní, ọwọ́ mi ni mo fi kàn wọ́n. Mo rò pé kò sí ohun tí wọ́n lè sọ fún mi nípa ohùn mọ́. Ọ̀sẹ̀ tí Àbẹ̀kẹ́ kú ni mo tó mọ̀ pé mi ò tíì mọ nǹkan kan.

Nígbà tí àìsàn tó pa á wọ̀ ọ́ lára, ó ní kí n jókòó ti òun lórí bẹ́ẹ̀dì.

“Bàbá wọn, lọ́jọ́ tí mo bá ń lọ, èmi fúnra mi ni màá dá orin mi. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi dá a o.”

“Òkú wo ló ń dá orin?”

Ó rẹ́rìn-ín, ikọ́ gbà á lẹ́nu. “Kásẹ́ẹ̀tì mi ńkọ́?”

Mo rántí kásẹ́ẹ̀tì náà. Nígbà tí a wà ní Mushin, tó bá fẹ́ kọ́ ẹgbẹ́ akọrin lórin tuntun, á gba ohùn ara rẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì, wọn á máa gbé e kiri láti ilé dé ilé. Á dá orin, á dákẹ́ fún ìwọ̀n ìgbà tí àwọn yòókù yóò fi gbè é, á tún dá a. Orin tó ń sọ yìí, òun ló kọ ọ́, orin ìdágbére ni. Òun ni ẹgbẹ́ wọn fi ń sin ara wọn láti ọjọ́ yìí wá. Mo ṣèlérí fún un pé yóò rí bẹ́ẹ̀.

Ọmọ wa ọkùnrin, àkọ́bí wa, ló ń mójú tó ẹ̀rọ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ó ti kó kásẹ́ẹ̀tì náà sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ tipẹ́. Ọjọ́ tó gbé e wá lẹ́yìn ikú ìyá rẹ̀, ó jókòó tì mí, ó ń ṣàlàyé.

“Dádì, nínú ibí yìí, ohùn mọ́mì kì í ṣe ohùn mọ́. Nọ́mbà ni. Wọ́n ti gé e wẹ́wẹ́, ẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́rìnlélógójì, kí ìṣẹ́jú-àáyá kan tó kọjá.”

“Kó tó kọjá?”

“Kó tó kọjá, Dádì. Àpótí kan ló máa wá to nọ́mbà yẹn padà, táá sọ ọ́ di ohùn, kó tó dé sípíkà yín. Dáàkì la ń pè é.”

Mo wo kọ̀ǹpútà náà. Ó dákẹ́ jẹ́ẹ́, ó tutù. Aya mi wà nínú rẹ̀ ní nọ́mbà, àpótí kan ló máa pè é jáde.

Àpótí méjì ló kó wá. Ọ̀kan jẹ́ tirẹ̀, tó rà ní Yaba, kò ju páálí ìṣáná lọ. Èkejì jẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì, irin ni gbogbo ara rẹ̀, iná aláwọ̀ ewé ń tàn lójú rẹ̀ wìnnì-wìnnì. Àbúrò ìyàwó mi, tí òun náà wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, mú èyí tó kéré, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé ìṣáná lẹ fẹ́ fi sin ẹ̀gbọ́n mi? Tí àwọn ará Ìjẹ̀bú bá dé, kí la máa ní a gbé kalẹ̀?”

Ẹ mọ bí ìsìnkú ṣe ń rí lọ́dọ̀ wa. Àga tó tóbi, ìkòkò tó tóbi, pósí tó tóbi. Èmi náà ní kí wọ́n lo ti ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọjọ́bọ̀, tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì rẹ̀ yóò mọ́ fún ìsìnkú, àwọn ìyá akọrin kóra jọ sí pálọ̀ mi lọ́sàn-án láti dán an wò. Bí ọmọ mi ṣe tan ẹ̀rọ, sípíkà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí agbọ́n. Ó ní nítorí pé kọ̀ǹpútà wà lórí ínfátà, ẹ̀rọ tó ń gbé sípíkà sì wà lórí iná NEPA ni. Ó ki méjèèjì sójú iná kan náà. Ó dákẹ́. Látinú sípíkà, Àbẹ̀kẹ́ wá fọn fèrè kékeré tí wọ́n fi ń mú ohùn, ó dá orin.

Òun ni, kì í ṣe òun náà ni. Ohùn náà ròkè, ó tín-ín-rín, ó ń yára bí ọmọdé tí wọ́n rán níṣẹ́. Àwọn ìyá gbìyànjú láti gbè é, ohùn wọn ha lókè. Ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́. Olórí ẹgbẹ́ wọn wò mí tàánútàánú.

“Bàbá, ẹ má bínú. Kásẹ́ẹ̀tì yẹn ti gbó. Ẹ jẹ́ kí n bá wọn dá a lọ́la.”

Ìlérí mi ló ń bọ́ lọ yẹn.

Ọmọ mi ní, “Bóyá bí ohùn mọ́mì ṣe rí nígbà yẹn nìyẹn. Ọ̀dọ́ ni wọ́n.”

Àbúrò ìyàwó mi dìde. “Ọ̀dọ́ bí i ti báwo? Gbé e padà síbẹ̀rẹ̀.” Ó wọ yàrá, ó tú báàgì ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó mú fèrè náà jáde, fèrè kan náà, tí etí rẹ̀ ti ṣí. Bí ti inú ẹ̀rọ ṣe dún tán, ó fọn ti ọwọ́ rẹ̀. Ti ẹ̀rọ ga jù ú lọ. Gbogbo pálọ̀ gbọ́ ọ.

“Ṣé fèrè náà jẹ́ ọ̀dọ́ nígbà yẹn ni?”

Ọmọ mi fọwọ́ gbá orí. “Háà! Ẹ̀rọ Sunday!” Ó ní kí ohùn lè bá àwòrán mu nígbà tí wọ́n bá ń gbé ìsìn sórí afẹ́fẹ́, òun ti de àpótí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà méjìdínláàádọ́ta. Ohun tí wọ́n gé ní mẹ́rìnlélógójì ló ń fi eré ńlá kó jáde. Ó ní kí òun tó máa tú u, ẹ jẹ́ ká fi kékeré wò ó ná. Ó fa wáyà yọ, ó ki ìṣáná rẹ̀ bọ ibẹ̀. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ará Ìjẹ̀bú mọ́.

Fèrè dún. Àbúrò ìyàwó mi fọn tirẹ̀. Wọ́n di ẹyọ kan.

Kí Àbẹ̀kẹ́ tó dá orin, mo gbọ́ bó ṣe mí. Mo gbọ́ ọwọ́ rẹ̀ tó ń gbá ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, pẹ̀pẹ̀. Ọmọ náà sunkún díẹ̀.

“Ta nìyẹn?” ni ọmọ mi béèrè.

“Ìwọ ni.”

Àbúrò ìyàwó mi ní, “Àtìgbà yẹn lo ti ń ba orin jẹ́.” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, ọmọ mi pẹ̀lú, omi sì wà lójú rẹ̀.

Èmi ò lè rẹ́rìn-ín, torí mo ń gbọ́ nǹkan mìíràn. Lẹ́yìn ohùn rẹ̀, lókèèrè, òòlù kan ń dún. Kò, kò, kò. Abẹ́ àtíbàbà iwájú ilé wa ní Mushin ni. Èmi ni, pẹ̀lú apá mi ìgbà náà. Bí Àbẹ̀kẹ́ ṣe ṣí ẹnu, òòlù náà dúró. Mi ò rántí pé mo dá iṣẹ́ dúró gbọ́ orin rẹ̀ rí láyé mi. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ, nínú ohun tí kò tó páálí ìṣáná. Mo dúró títí ó fi dá orin tán.

Ohùn rẹ̀ jáde látinú pákó tí mo kàn, ó nípọn, ó rọra ń bọ̀, ó gbòòrò bí ó ṣe máa ń rí. Nígbà tó dákẹ́ fún wọn, àwọn ìyá gbè é. Olórí ẹgbẹ́ wọn ló kọ́kọ́ gbè.

Ọjọ́ kejì, ọjọ́ Ẹtì, a tẹ́ ẹ sí pálọ̀ láàárọ̀. Àbẹ̀kẹ́ dá orin rẹ̀, a gbè é. A gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, a sì sin ín lọ́sàn-án ọjọ́ náà.