Ìkómọ Àwọn Ọmọ Bọ́bì

Ọjọ́ Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹjọ, ọdún 2003, ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé. Abossey Okai ní ìlú Accra ni à ń gbé. Bọ́bì, ajá wa, ti bí ọmọ méjì. Wọ́n sì ti ṣèlérí èyí dúdú fún mi.

Nítorí pé ọjọ́ kẹjọ ni à ń kó ọmọ jáde, Àǹtí Ṣadé, àbúrò bàbá mi, ní kí a ṣe ìkómọ fún wọn. Ó fi káfúrà àti ọṣẹ dúdú, èyí tí àwọn ará Accra ń pè ní alata samina, fọ ibùsùn Bọ́bì, ó sì fi wẹ àwọn ọmọ náà.

“Ìyálọ́mọ, ẹ kú ewu,” ni ó wí. A rẹ́rìn-ín.

Bọ́bì gbóòórùn ibùsùn náà, ó gbóòórùn àwọn ọmọ, ó sì yí padà. Nígbà tí Àǹtí fi agbára fà á dùbúlẹ̀ tì wọ́n, Bọ́bì gé èyí dúdú jẹ lọ́rùn, ó sì pa á.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ìyá àgbà, tí ó ń ku gààrí, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

“Ó ku ọ̀kan. Ẹ̀yin tí ẹ kó o jáde, ẹ fún un lọ́mú.”

Ebi pa ìyẹn kú ní ọjọ́ kejì. Títí di òní, n kò mọ̀ bóyá òórùn ọṣẹ ni Bọ́bì kọ̀, tàbí àwa fúnra wa.