Ọ̀rọ̀ Tí Mo Ń Gbé Oúnjẹ Lọ Gbà

Gbogbo àdúgbò ló ń yìn mí nígbà náà. Wọ́n á rí mi tí mo ru igbá oúnjẹ, tí mo ń gba ẹ̀gbẹ́ ọjà Ìpàtà kọjá lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n, wọ́n á ní obìnrin rere rèé, obìnrin tí kò kọ ọkọ nínú ìṣòro. Kí wọ́n máa wí. Ìfẹ́ kọ́ ló ń gbé mi lọ. Mo ń lọ gba ìkọ̀sílẹ̀ mi ni.

Ọkọ mi bá ẹnì kan jà sí ààlà oko, ó fi igi ọkọ́ lù ú lórí, ọkùnrin náà sì kú lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí ẹjọ́ parí, wọ́n ní ẹ̀wọ̀n gbére ni. Àwọn òyìnbó ò tíì pẹ́ púpọ̀ ní Ìlọrin, ojú wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ rélùwéè ni, ọgbà ẹ̀wọ̀n ìlú wa ò sì gba ẹlẹ́wọ̀n gbére. Ibẹ̀ kàn ni yóò ti dúró títí ọlọ́pàá á fi wá mú un lọ sí Kàdúná. Ẹni tí wọ́n bá mú lọ sí Kàdúná bẹ́ẹ̀, a ò tíì rí i kó padà.

Mi ò ju ọmọ ogún ọdún lọ, bí mo bá tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. A ti fẹ́ra fún ọdún mẹ́ta, a ò tíì bímọ. Ìyá mi ló là á yé mi. Ó ní ká ní ọkọ mi kú ni, n ó ṣọ̀fọ̀ oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá, n ó sì fẹ́ ẹlòmíràn. Ká ní ó sọnù ni, alíkálì, adájọ́ ẹ̀sìn wa, mọ ohun tí yóò ṣe. Àmọ́ ẹni tó wà láàyè, tí gbogbo ayé mọ ibi tó wà, tí kò sì ní wálé mọ́ láéláé, aya ta ni aya rẹ̀? Álífáà wa ní mo lè gbé e lọ sí kóòtù alíkálì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ọkọ mi yóò bá mi fa ẹjọ́ náà títí irun mi á fi funfun, torí ó ti ń sọ ọ́ káàkiri pé ilé àwọn ni n ó kú sí. Ọ̀nà tó yá ni kí ọkọ mi fi ẹnu ara rẹ̀ kọ̀ mí sílẹ̀ kí wọ́n tó gbé e lọ.

Ìdí tí mo fi ń se oúnjẹ nìyẹn o. Ìkòkò ni mo ń mọ. Bí mo bá ti mọ ti àárọ̀ tán, n ó fọ amọ̀ kúrò lọ́wọ́, n ó ro ọkà bàbà, n ó se ilá, ó di ọgbà ẹ̀wọ̀n. Yárì, olórí àwọn tó ń ṣọ́ ẹlẹ́wọ̀n, á ní kí n kọ́kọ́ bu òkèlè kan jẹ níṣojú òun, kó má lọ jẹ́ pé mo ti fi májèlé sí i. Tìbínú-tìbínú ni mo fi ń jẹ ẹ́. Òkú ọkọ ì bá kúkú tú mi sílẹ̀ ju ààyè rẹ̀ lọ, yárì náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà wọ́n á mú un jáde wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, pẹ̀lú ṣẹkẹṣẹkẹ lẹ́sẹ̀. Á jẹun. Á béèrè ìkòkò mi, á béèrè òjò, á béèrè ewúrẹ́. N ó dá a lóhùn, ojú mi á sì máa wo ẹnu rẹ̀. Ó mọ ohun tí mo wá gbà, mo sì mọ̀ pé ó mọ̀. Ọjọ́ mọ́kànlélógún la ṣe bẹ́ẹ̀. N ó gbé igbá òfìfo, n ó máa bú u lábẹ́ ahọ́n títí n ó fi délé, n ó sì tún se òmíràn lọ́jọ́ kejì.

Lọ́jọ́ kan, yárì sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà pé àwọn ọlọ́pàá Kàdúná ń bọ̀ lọ́la, ọkọ̀ àárọ̀ ni wọ́n á fi gbé e. Mo gbé oúnjẹ kalẹ̀, mi ò lè jókòó.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú mi sílẹ̀."

Ó jẹun tán, ó fọwọ́, kó tó dá mi lóhùn.

"Ọjọ́ tí mo bá ti sọ ọ́, o ò ní wá mọ́. Ìyẹn ni mo ṣe dákẹ́."

Ó pe yárì àti ẹ̀ṣọ́ kan, ó ní kí wọ́n jẹ́rìí, ó sì kọ̀ mí sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo gbé igbá mi. Mi ò ní purọ́, inú mi dùn débi pé mi ò rántí kí i pé ó dìgbà.

Àmọ́ àwọn ọlọ́pàá Kàdúná ò dé lọ́jọ́ kejì. Wọ́n ní òjò ti ba ojú irin jẹ́ níbì kan lọ́nà òkè. Wọn ò dé lọ́jọ́ kẹta. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù tó wá bà mí. Nínú ẹ̀sìn wa, ọkùnrin tó kọ ìyàwó lẹ́ẹ̀kan ṣì lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu gbà á padà, bí obìnrin náà ò bá tíì rí nǹkan oṣù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ilé ọkọ náà ló sì ti gbọ́dọ̀ jókòó kà á pé. Bó bá ti dé Kàdúná, ta ni yóò gbé ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ wá? Ṣùgbọ́n Ìlọrin ló ṣì wà, àràárọ̀ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ń lọ bá a. Ẹ̀gbọ́n yìí ò gbé oúnjẹ lọ o. Ọ̀rọ̀ ló ń gbé lọ. Á kọ́kọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, á ní òun ń lọ bá àbúrò òun sọ̀rọ̀ kó lè gba ìyàwó rẹ̀ padà, pé a kì í fi ìbínú tú ilé ká.

Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ta ló fẹ́ gbé oúnjẹ lọ? Bó bá rí mi, tí mo gbé ọkà gbígbóná kalẹ̀ níwájú rẹ̀, ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ṣé kò ní gbà mí padà? Mo mọ̀ pé ẹ̀kọ ẹ̀wọ̀n tó ṣàn bí omi ìfọwọ́ ló ń mu. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì jókòó. Ìkòkò tí mo ń mọ ń wó mọ́ mi lọ́wọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ti kí sàláámù lẹ́nu ọ̀nà, n ó rò pé ó ti gbà mí padà nìyẹn.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, lọ́sàn-án, lẹ́yìn ìrun àílà, yárì fúnra rẹ̀ wọlé wá. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi jókòó lórí ẹní. Mo dìde, mo tún jókòó. Yárì ò kí mi. Ó ní wọ́n ti gbé e lọ láàárọ̀, aṣọ rẹ̀ lòun wá dá padà. Ó ju ẹ̀wù náà sílẹ̀ níwájú mi.

"Ọkàn rẹ le o, obìnrin yìí. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi ń wo ẹnu ọ̀nà."

Mo ní kí ni kí n ti ṣe, ṣebí ẹ̀rù ló ń bà mí kó má lọ gbà mí padà. Yárì ní ìgbàpadà wo? Ó ní lọ́jọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, ọkọ mi tún pe òun àti ẹ̀ṣọ́ náà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà níbẹ̀, ó kọ̀ mí lẹ́ẹ̀kejì, ó kọ̀ mí lẹ́ẹ̀kẹta. Bó bá ti pé ẹ̀ẹ̀mẹta, bó tiẹ̀ fẹ́ gbà mí padà, kò ṣeé ṣe mọ́. Ó wá ní kí ẹ̀gbọ́n òun lọ sọ fún mi, kí ọkàn mi lè balẹ̀, kí n lè gbé oúnjẹ wá láìbẹ̀rù.

Mo yíjú sí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Ẹní ló ń wò.

Láti kékeré ni mo ti lẹ́nu, àmọ́ lọ́jọ́ náà èébú tán lẹ́nu mi. Mo di aṣọ yárì mú, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó ránṣẹ́ sí i, kí wọ́n sọ fún un pé mi ò gbọ́. Yárì já ọwọ́ mi kúrò lára aṣọ rẹ̀. Ó ní ọkọ̀ á ti kọjá Jẹ́bà.

Ó kú sí Kàdúná kó tó pé ọdún méjì. Mo ti búra fún ara mi láìmọye ìgbà pé ká ní mo gbọ́ ni, ǹ bá lọ, ǹ bá se ilá, ǹ bá fi ẹran sí i. Ó lè jẹ́ òótọ́. Àmọ́ ohun tó gbé lọ sí Kàdúná ni pé mo gbọ́, mo sì jókòó sílé.