Olùṣọ́ Atẹ́gùn Òkè-Ìmẹ̀sí

Akọpẹ ni Ògoolúwa. Akọpẹ ni Elijah, bàbá rẹ̀. Bàbá yìí ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń so igbà, bí wọ́n ṣe ń ti ẹsẹ̀ mọ́ ara ọ̀pẹ, bí wọ́n ṣe ń bẹ́ ẹyìn tí kò ní já lu ẹni tó wà nísàlẹ̀. Ìwé kò wọ orí ọmọ náà. Ó kúrò nílé ẹ̀kọ́ girama ní kíláàsì kejì, ó bá bàbá rẹ̀ lọ sóko, àwọn méjèèjì sì di ọ̀rẹ́.

Àìsàn dé. Kò pẹ́ rárá. Wọ́n gbé Elijah lọ sí ọsibítù, òkú rẹ̀ ni wọ́n gbé bọ̀. Láti ọjọ́ náà, Ògoolúwa kò lè wo ọ̀pẹ mọ́. Ó fi igbà bàbá rẹ̀ kọ́ ara ògiri, ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó sùn.

Morónkẹ́, ìyá rẹ̀, a máa dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ọmọ mi, jáde ní ulé. Oòrùn kì í wá bá èèyàn lórí ẹní."

Ọmọ náà fa aṣọ borí.

Dókítà Adédoyin ló fà á jáde. Olùkọ́ yunifásítì ni obìnrin yìí. Kí Elijah tó kú, ó ti gbà kí wọ́n ri òpó irin kan mọ́ orí àpáta tó wà lókè oko rẹ̀. Ife kékeré mẹ́ta wà lórí òpó náà. Bí atẹ́gùn bá fẹ́, àwọn ife a máa yí, àpótí ìsàlẹ̀ òpó a sì máa fi iye rẹ̀ ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà Dókítà. Elijah ló ń ṣọ́ ọ. Nígbà tí Dókítà gbọ́ ikú rẹ̀, ó wá kí wọn kú ọ̀fọ̀. Kó tó lọ, ó ní:

"Ògo, ṣé wàá bá wa ṣọ́ ọ dípò bàbá? Ọdún kan gbáko la fẹ́ fi wọn atẹ́gùn."

"Atẹ́gùn wo, mà? Aṣọ tí màmá mi sá gan-an kì í tètè gbẹ."

Dókítà rẹ́rìn-ín. "Òótọ́ lo sọ. Atẹ́gùn ilẹ̀ wa kò pọ̀. Ẹ̀rọ atẹ́gùn gìrìwò bíi ti òkè òkun kò lè yí níbí. Ṣùgbọ́n ẹni tí nǹkan rẹ̀ kò pọ̀ ló yẹ kó mọ ìwọ̀n ohun tó ní. Bóyá ti orí òkè yìí tó ẹ̀rọ kékeré kan tó lè fa omi gòkè fún wa."

Ògoolúwa gbà. Ní àràárọ̀ ó ń gun òkè. Ó ń ro ìdí òpó, ó ń lé ewúrẹ́, ó ń wo okùn irin tó dì í mú bóyá ó dẹ̀. Lórí òkè yẹn, ó máa ń dà bí ẹni pé bàbá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá síwájú ni. Bí wọ́n bá gbé òpó náà lọ, kò mọ ohun tí yóò tún mú un dìde lórí ẹní.

Kọ́lápọ̀ ọlọ́kadà kì í jẹ́ kó kọjá lásán. "Olùṣọ́ Atẹ́gùn! Ṣé wọn ò jí i gbé lánàá?"

"Wọ́n jí i. Inú taya rẹ ni wọ́n kó o pamọ́ sí. Tú u wò."

Ọyẹ́ dé. Eruku bo gbogbo Òkè-Ìmẹ̀sí. Nílé tiwọn, nǹkan tuntun kì í rí eruku. Àga tí Elijah rà, inú ọ̀rá tí wọ́n fi tà á ló wà títí bàbá fi kú. Ògoolúwa wo àwọn ife Dókítà, àánú wọn ṣe é. Ó wọlé, ó mú igbà lára ògiri. Ìyá rẹ̀ rí i, ó fi etí aṣọ nu ojú. Ọmọ náà gun òpó irin bí ẹni gun ọ̀pẹ, ó fi ọ̀rá bo ife mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó so ó pinpin.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá kí Dókítà tó ráyè yẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀ wò. Fóònù dún.

"Ògo, ṣé atẹ́gùn ti kú ní Òkè-Ìmẹ̀sí ni?"

"Rárá o, mà! Ó ń jà. Ó ṣí páànù ilé ìdáná wa lánàá."

Ọjọ́ kejì ni Dókítà dé. Ó gbójú sókè.

"Kí nìyẹn?"

"Ọ̀rá ni, mà. Kí eruku má bà á jẹ́."

Dókítà jókòó lórí àpáta. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ojú rẹ̀ le. "Ògo, atẹ́gùn ọyẹ́ wà lára ohun tí a ń wá. O ti bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀."

Dókítà pe ọ̀gá rẹ̀ ní yunifásítì lórí fóònù, ó ṣàlàyé fún un. Ohùn ọ̀gá náà le, ó ń jáde láti inú fóònù.

"Ẹ tú òpó náà! Ẹ máa gbé e bọ̀!"

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́. Ọdún tí kò ní ọyẹ́ nínú, ṣé ọdún nìyẹn? Kí la fẹ́ kọ? Ẹ jẹ́ ká tún un bẹ̀rẹ̀ títí ọyẹ́ tó ń bọ̀ yóò fi kọjá."

Ọ̀gá kanra. Ó gbà. "Ta ló máa wá ṣọ́ ọ?"

Dókítà wo ọmọkùnrin náà. "Ẹni tó so ọ̀rá mọ́ ọn ni, sà. Ní gbogbo Èkìtì, òun nìkan ló dá mi lójú pé kò ní so ó mọ́."

Ògoolúwa dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí àpáta.

"Dìde, jàre. Lọ wá àkàbà, ká tú ọ̀rá yìí."

Kó tó sọ̀rọ̀ tán, Ògoolúwa ti so igbà tó gbé wá, ó ti dé ìdajì òpó.

"Ògo! Sọ̀kalẹ̀! Wàá ṣubú!"

"Mò ń bọ̀, mà."

Ó já ọ̀rá dànù. Ọyẹ́ gbá a lójú, ó tutù, àwọn ife bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Láti ibẹ̀, ó rí àwọn ọ̀pẹ oko wọn. Ẹyìn ti pọ́n lórí wọn, kò sí ẹni tó bẹ́ ẹ. Ó wò wọ́n dáadáa, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Olúwa, ẹ ṣé." Ó sọ̀kalẹ̀, ó tọrọ gáfárà lọ́wọ́ Dókítà, ó gbé igbà kọ́ èjìká, ó sì gba ọ̀nà oko lọ.