Ìyá Onílé Ni Ó Máa Ń Kọ́ Níwèé

Bí mo bá gbọ́ tí ẹnìkan ń bó ẹ̀gúsí, ẹni tó máa ń wá sí mi lọ́kàn ni obìnrin ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí a jọ gbé yàrá kan ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, nígbà tí a wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́, tí ọdún 1990 kò tíì wọlé.

Èmi a máa há nóòtì sórí bí ọmọ ilé kéwú. Òun a pa ìwé dé, a lọ jókòó ti ìyá onílé wa, a bá a bó ẹ̀gúsí, a sì máa fi Yorùbá ṣàlàyé ohun tí wọ́n kọ́ wa lọ́jọ́ náà fún un.

"Ohun tí kò bá tíì yé Ìyá, kò tíì yé èmi náà." Bó ṣe máa ń wí nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan, ó ń sọ bí ọmọdé ṣe ń kẹ́kọ̀ọ́, ni Ìyá bá dá a dúró.

"Ọmọ tí ebi ń pa ńkọ́? Ṣé òun náà ń gbọ́ ohun tí tíṣà ń wí?"

Ó gbọn ọwọ́ nù, ó mú ọ̀nà láíbìrì pọ̀n. Mo rẹ́rìn-ín.

Nígbà ìdánwò, ohun tó ń dí ọmọ lọ́wọ́ ẹ̀kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ bi wá. Mo tú gbogbo ohun tí mo há sórí, n kò rí i níbẹ̀. Òun ń kọ tirẹ̀ lọ geere.

Ó gba A. Èmi, mo ṣáà yege.

Bí a ṣe ń ti ibi èsì bọ̀, Ìyá ti dìde lórí àpótí, ó ń gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò lára ìró. Ẹnìkejì mi nìkan ló kọjú sí.

"Káàbọ̀ o, ọmọ mi. Kí la gbà?"