Èmi Ni Mo Gbé Ẹni Tó Wá Mú Mi

Láti ìgbà náà, n kì í gbé ọ̀kadà mi síwájú ilé mọ́. Ẹ̀yìn ilé ìdáná ni mo máa ń tì í sí, níbi tí ẹni tó ń kọjá kò ti ní rí i. Bí mo bá jókòó sínú ilé, mo máa ń kọjú sí ilẹ̀kùn. Ìyàwó mi ní kí n fọkàn balẹ̀. Mo ń gbìyànjú.

Àbúrò mi ni wọ́n ń wá. Wọ́n ní ó gé igi nínú igbó ìjọba láìgba ìwé àṣẹ. Bóyá ó gé e, bóyá kò gé e, n ò sí níbẹ̀. Nígbà tí òṣìṣẹ́ ìjọba máa fi dé ilé wa láàárọ̀ ọjọ́ náà, àbúrò mi ti gba ọ̀nà Ìjio lọ, ó ti kọjá sí òdìkejì ẹnubodè.

Òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo ni. Ọkọ̀ wọn já a sílẹ̀ lẹ́bàá títì, ó bá tirẹ̀ lọ. Ó bọ̀wọ̀ fún wa. Ó dọ̀bálẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí í ṣe olórí ilé wa, ó ní, "Bàbá, ẹni tí à ń wá ò sí nílé. Ta lẹ máa fún wa?"

Ó yẹ kí ìbéèrè yẹn yà wá lẹ́nu. Kò yà wá lẹ́nu. Nílé wa, bí ọmọ kan bá ṣẹ èèyàn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló máa ń lọ jókòó sílé ẹni náà títí wọ́n á fi rí ọmọ ọ̀hún mú wá. Bí mo ṣe bá a nìyẹn. Mo ti lọ jókòó bẹ́ẹ̀ rí nítorí ewúrẹ́ tó jẹ iṣu oníṣu. Bàbá wò mí, ó ní, "Dìde, bá wọn lọ. Bí wọ́n bá rí ọ, wọ́n á mọ̀ pé ilé wa kì í sá."

Mo lọ wẹ̀. Mo wọ aṣọ tí mo fi ń kírun Jímọ́ọ̀. Nígbà tí mo jáde, òṣìṣẹ́ náà ń wo ọ̀kadà mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé epo wà nínú ẹ̀?"

"Ó wà."

"Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ẹ jẹ́ ká máa lọ kí oòrùn tó mú."

Bí mo ṣe gbé ẹni tó wá mú mi nìyẹn. Ó di èjìká mi mú. Lójú ọ̀nà, ó ní kí n máa rọra yà fún kòtò, pé ẹ̀yìn ń dun òun. Mo rọra.

Nígbà tí a dé ọ́fíìsì wọn, n ò tíì sọ̀ tán tó fi nawọ́ yọ kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà, ó tì í bọ àpò ṣòkòtò rẹ̀. Ó fún mi ní bébà àti bírò. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé, ẹ kọ ọ́ fúnra yín. Ẹ kọ ọ́ pé ẹ fi tinútinú wá dúró fún àbúrò yín." Mo lọ sílé ìwé girama, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n ò parí ẹ̀. Mo kọ ọ́, ó sì dùn ún wò. Mo tiẹ̀ fa ìlà sábẹ́ orúkọ mi.

Yàrá tí wọ́n ń kó ayùn àti pákó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn onígẹdú sí ni wọ́n fi mí sí. Páànù ló wà lórí ẹ̀, kò ní àjà. Fèrèsé rẹ̀ kan ṣoṣo, wọ́n ti kàn án pa. Mo bá bàbá arúgbó kan níbẹ̀, ará Ìpàpó, tí wọ́n mú nítorí ọmọkùnrin rẹ̀. Ọjọ́ kẹta rẹ̀ nìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín nígbà tó rí mi.

"Ìwọ ńkọ́, ta ló sá?"

"Àbúrò mi ni, Bàbá."

"Tìẹ sàn. Àbúrò lè bẹ̀rù rẹ kó wá. Ọmọ tèmi mọ̀ pé n kì í bínú."

Ẹ̀jẹ̀ ríru ń ṣe é, òògùn rẹ̀ sì wà nílé. Ọmọbìnrin rẹ̀ ń gbé e wá lójoojúmọ́, wọn ò jẹ́ kó wọlé. À ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn ògiri.

"Òfin ò gbà kí ẹ mú ẹnì kan dípò ẹlòmíì," ó ń sọ fún òṣìṣẹ́ náà.

"Ìwé òfin tẹ́ ẹ wí yẹn, mo ní in nílé. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé aráàlú ò gbọdọ̀ sá fún ìjọba. Ẹ lọ mú ẹ̀gbọ́n yín wá, kẹ́ ẹ wá mú bàbá yín lọ."

Kò jágbe mọ́ ọn. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń júwe ọ̀nà fún àlejò.

Lọ́jọ́ kejì mi, nígbà tí páànù gbóná, bàbá náà bẹ̀rẹ̀ sí í lu ilẹ̀kùn. Ó ní kí wọ́n ṣáà fún òun ní òògùn, pé òun á padà jókòó. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló bẹ̀ wọ́n. Èmi náà bá a lù ú. Ẹnì kan dáhùn láti ìta pé ká má fọ́ ilẹ̀kùn ìjọba. Nígbà tí wọ́n pe ìrun Àsárì, ẹnu rẹ̀ ti wọ́, kò sọ̀rọ̀ mọ́. Pákó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn onígẹdú ni wọ́n fi gbé e jáde.

Wọ́n fún mi ní kọ́kọ́rọ́ mi lójú ẹsẹ̀, wọ́n ní kí n máa lọ. Wọn ò dárúkọ àbúrò mi mọ́. Ọmọbìnrin náà dúró lẹ́nu géètì, ó mú ọ̀rá òògùn dání, ó ń wojú mi. N ò dúró. Mo gun ọ̀kadà mi, mo sá lọ sílé.

Bàbá náà kú. Ọmọbìnrin rẹ̀ kọ̀wé sí ìjọba títí wọ́n fi gbé ìgbìmọ̀ kan dìde. Ó wá bá mi lóko.

"Bọ̀dá, ẹ̀yin nìkan lẹ wà níbẹ̀. Wọ́n ní bàbá mi ò béèrè òògùn. Wọ́n ní ṣe ló sùn."

Mo ní màá rò ó. Olórí ilé wa ní kò sí nǹkan tí mo fẹ́ rò. "Ọwọ́ rẹ lo fi kọ ọ́ pé o wá fúnra rẹ. Wọ́n sì mọ ilé wa." Láti ọjọ́ náà, bí mo bá kọ ebè kan, màá fi ọkọ́ sílẹ̀, màá wálé, bí mo bá délé, màá tún padà sóko.

Mo lọ ṣá. Gbọ̀ngàn ìjọba ìbílẹ̀ ni ìgbìmọ̀ náà ti jókòó. Ìyá kan tó ti ṣe adájọ́ rí ló wà lórí àga. Ó bi òṣìṣẹ́ náà pé òfin wo ló fi mú mi.

"Mà, a ò mú wọn. Àwọn ló gbé mi wá lórí ọ̀kadà wọn."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. "Ó tún fi ọ̀kadà gbé e!" ẹnì kan pariwo lẹ́yìn. Wọ́n ka ìwé mi sókè. Ìyá náà ní ṣé òótọ́ ni.

"Òótọ́ ni, Mà. Èmi ni mo gbé e, èmi náà ni mo kọ ọ́." Mo gbọ́ ikọ́ olórí ilé wa lẹ́yìn mi. Òṣìṣẹ́ náà ń mi orí sí mi, bí ẹni tó ń kí mi kú iṣẹ́. Mo ní, "Ṣùgbọ́n ẹ bá mi bi í, Mà. Ká ní mo fẹ́ gbé ọ̀kadà mi padà sílé, níbo ni kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ wà?"

Ẹ̀rín dá. Òṣìṣẹ́ náà fọwọ́ kan àpò ṣòkòtò rẹ̀, bí ẹni pé kọ́kọ́rọ́ náà ṣì wà níbẹ̀. Mo wá sọ ti òògùn. Mo ní ẹ̀ẹ̀mẹta ni, mo ní mo bá a lu ilẹ̀kùn. Mo sọ ohun tí wọ́n fi dá wa lóhùn.

Níta, òṣìṣẹ́ náà wá bá mi. "Ẹ̀gbọ́n, n ò bínú. Àmọ́ ẹ là mí lọ́yẹ̀. Ẹni tó ṣe é ò sí, ẹbí rẹ̀ ló wà ńlẹ̀. Ta ló yẹ kí n mú?"

"Ẹni tó ṣe é."

"Mo ní kò sí nílé!"

"Kẹ́ ẹ máa wá a."

Ó mi orí, ó lọ. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ìdáhùn ló ń wá lóòótọ́, ìyẹn ló sì ń dẹ́rù bà mí jù. Ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ìgbìmọ̀ kò tíì sọ nǹkan kan.

Olórí ilé wa ti bá ẹlòmíì lọ. Ọmọbìnrin náà ní kí n jọ̀ọ́ gbé òun dé gáréèjì àwọn ọkọ̀ Ìpàpó. Kò sí ẹni tó tíì jókòó lẹ́yìn mi láti ọjọ́ tí mo gbé òṣìṣẹ́ yẹn. Ìyàwó mi pàápàá, ẹsẹ̀ ló fi ń lọ sọ́jà. Kọ́kọ́rọ́ ò tètè wọlé. Ọmọbìnrin náà dúró dè mí. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì dáhùn, ó gòkè. Nígbà tó di èjìká mi mú, mo fò sókè.

"Ẹ pẹ̀lẹ́," ó ní, ó sì mú ọwọ́ kúrò. Irin ẹ̀yìn ọ̀kadà ló dì mú títí a fi dé gáréèjì.