Etí Òsì Ń Súfèé, Ti Ọ̀tún Ń Kùn

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, nígbà tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo lọ kan ilẹ̀kùn obìnrin tó ń gbé ilé kejì sí tiwa ní Ìkẹ́rẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀wọ́ pa jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí n lè sinmi. Tíṣà ni mí, èmi náà ni mo sì ń darí ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, torí náà ó máa ń rẹ̀ mí gan-an lọ́jọ́ Àìkú. Obìnrin náà wò mí. Ó ní jẹnẹrétọ̀ òun ti wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó mú mi lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó fi ibi tó máa ń wà hàn mí: epo dúdú lórí sìmẹ́ǹtì, adìyẹ kan sì sàba síbẹ̀. Mo dúpẹ́, mo padà sílé, mo ti fèrèsé. Ohùn náà bá mi wọlé.

Nígbà tí mo sọ fún ìyàwó mi, ó gbé etí rẹ̀ ti etí mi bí ẹni tó ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nínú yàrá kejì. Ó fara balẹ̀ gbọ́ ti òsì, ó yí mi padà, ó gbọ́ ti ọ̀tún. Ó ní òun ò gbọ́ nǹkan kan. Mo ní inú etí mi ló wà, èmi nìkan ló ń dún sí. Ó ní tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí n wá jẹun kó tó tutù.

Ohun tó ń dún nínú etí òsì yàtọ̀ sí ti ọ̀tún. Ti òsì ń súfèé, ohùn tín-ín-rín kan tí kì í ga sí i, tí kì í lọ sílẹ̀, tí kì í sì í mí. Ti ọ̀tún ń kùn bíi fíríìjì àtijọ́. Òun ni mo pè ní jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò. Ti ọ̀tún máa ń lọ, ó sì máa ń bọ̀. Tó bá rẹ̀ mí, á dé. Bí mo bá sùn dáadáa, mo lè jí kí n má bá a níbẹ̀. Ti òsì kò lọ síbì kankan rí. Mo tiẹ̀ jókòó sídìí kíbọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀ṣì kí n lè mọ ohùn tó ń kọ gan-an. Bọ́tìnnì tó kángun sọ́wọ́ ọ̀tún pátápátá ló sún mọ́ ọn jù, ṣùgbọ́n wọn ò bára mu. Ohùn etí mi fi díẹ̀ lọ sílẹ̀ sí ti kíbọ́ọ̀dù. Ó dùn mí, torí ó pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn tẹ́nọ̀ wa jà nítorí irú rẹ̀.

Àwọn èèyàn gbìyànjú fún mi. Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ akọrin ní kí n kán àdí lílọ́ wọ́ọ́rọ́ sí i. Mo kán an. Ohùn náà ń dún lọ nínú àdí. Ọkùnrin kan tí a jọ ń kọ́ni ní iléèwé sọ fún mi pé àwọn kan ló ń pe orúkọ mi níbì kan. Mo fetí sílẹ̀ dáadáa lẹ́yìn ìyẹn, àmọ́ bí ẹnikẹ́ni bá ń pè mí, kò tíì sọ ohun tó fẹ́. Pásítọ̀ wa gbé ọwọ́ lé etí mi méjèèjì, ó gbàdúrà. Bó ṣe dí etí náà, ńṣe ni ariwo inú rẹ̀ ròkè sí i. Mo ṣe àmín.

Ìyàwó mi ló ní ká lọ sí ọsibítù ní Adó. Wọ́n fi mí sínú yàrá kékeré kan tí wọ́n fi fóòmù bo ògiri rẹ̀, wọ́n fi ohun ìgbọ́ràn bò mí létí, wọ́n ní kí n máa tẹ bọ́tìnnì kan nígbàkígbà tí mo bá ti gbọ́ ohùn. Mo tẹ̀ ẹ́, mi ò gbé ọwọ́ kúrò. Nọ́ọ̀sì ṣí ilẹ̀kùn, ó ní òun ò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ sókè ni dókítà náà. Ó bi mí níbi tí mo máa ń dúró tí mo bá ń darí akọrin. Mo ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn ńlá ṣọ́ọ̀ṣì ni, òun ló wà lápá òsì mi. Ó mi orí. Ó ṣàlàyé pé etí òsì kò gbọ́ àwọn ohùn tó ga mọ́, àti pé ọpọlọ fúnra rẹ̀ ló ń fi ohùn mìíràn dí àlàfo náà. Mo bi í bóyá ó máa dá.

“Ó lè má dá, sà,” ló fi dá mi lóhùn. “Ṣùgbọ́n ó lè di ohun tí ẹ ò ní máa kà sí mọ́.”

Ní ti ọ̀tún, ó ní etí náà dára, òun ò rí nǹkan kan. Mo ní kí ló wá ń kùn níbẹ̀. Ó ní òun ò mọ̀.

Nínú takisí tó ń gbé wa bọ̀ ní Ìkẹ́rẹ́, ẹ̀rù ń bà mí. Mò ń rò ó pé mi ò tún ní mọ ìdákẹ́jẹ́ mọ́ títí tí n ó fi kú. Ìyàwó mi di ọwọ́ mi mú títí a fi dé ilé.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo lọ sọ́dọ̀ ìyá mi ní abúlé wa lẹ́yìn Ìsẹ̀, níbi tí òun àti bàbá mi ti fi gbogbo ayé wọn ṣe oko kòkó. Bàbá mi ti kú, ìyá mi ṣì ń gbé inú ilé náà. Ó ń bó ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́. Mo mú ọ̀bẹ, mo bá a bó o, mo sì ro gbogbo ọ̀rọ̀ náà fún un, láti orí jẹnẹrétọ̀ dé orí dókítà. Kò gbé ojú sókè títí mo fi parí.

“Àbí gbogbo èèyàn kọ́ ló ń gbọ́ ọ ni?”

Mo gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Mo ní kí ni wọ́n ń gbọ́. Ó ní ohun tó máa ń dún létí ni. Ti òun, ìrẹ̀ ló wà lọ́tùn-ún, òjò orí páànù ló wà lósì, ó sì ti wà bẹ́ẹ̀ kí òun tó bí mi.

“Mo rò pé bí ulé tó bá dákẹ́ ṣe máa ń dún nìyẹn,” ló wí.

Mo bi í pé ṣé kò sọ fún bàbá mi rárá. Ó ní ṣé èèyàn máa ń sọ fún ọkọ rẹ̀ pé òun ń mí ni. Nígbà náà ni mo rántí bí ó ṣe máa ń sáré lọ kó kòkó tí a sá nílẹ̀ nígbà tí kò tíì sí ẹni tó rí àmì òjò kankan. Bí òjò bá rọ̀ lóòótọ́, bàbá mi á máa sọ fún àwọn ará oko pé ìyàwó òun mọ ojú ọjọ́. Bí kò bá rọ̀, á ní obìnrin tó ń ṣọ́ra ni. Àìmọye ìgbà ni èmi náà ti bá a kó kòkó yẹn wọlé nínú oòrùn gangan. Mo rán ìyá mi létí.

“Etí òsì ni,” ló wí.

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà a fi etí wéra. Tí ìyá mi bá ń gún iyán, ìrẹ̀ rẹ̀ máa ń dákẹ́, àmọ́ òjò kì í dá. Tèmi náà, ti òsì ni kì í sinmi. Mo wò ó bó ṣe jókòó síbẹ̀: ó ti tọ́ wa dàgbà, ó ti sìnkú ọkọ, ó ti kọrin nínú ṣọ́ọ̀ṣì láti ìgbà èwe rẹ̀, gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ìrẹ̀ àti òjò. Ẹ̀rù tí mo gbé bọ̀ láti Adó dín kù. Kò tán. Mo ní kí n mú un lọ rí dókítà náà. Ó béèrè bóyá wọ́n á yọ ọ́ kúrò. Mo ní rárá. Ó ní kí a jẹ́ kó wà níbẹ̀ nígbà náà.

Mo ti kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbohùngbohùn. Àwọn tó rà á fún ṣọ́ọ̀ṣì kò gbà kí a gbé e kúrò níbi tí ìjọ ti lè rí i, torí náà èmi ni mo ṣí kúrò, àwọn obìnrin tó ń kọ áátò sì wá ń kọrin sí mi léjìká. Ọwọ́ ọ̀tún mi ni ìyàwó mi máa ń gbà rìn báyìí. Bí inú bá bí i, á bọ́ sí òsì, á sọ ohun tó fẹ́ sọ níbẹ̀. Ní iléèwé, mo máa ń ní kí àwọn ọmọ tún ọ̀rọ̀ wọn sọ, wọ́n sì rò pé mo ti le sí i.

Láìpẹ́ yìí, mo ń máàkì ìdánwò àwọn ọmọ náà nínú ilé, ìrọ̀lẹ́ sì ti dé kí n tó rántí pé mi ò gbọ́ nǹkan kan láti àárọ̀. Bí mo ṣe rántí ni wọ́n dé, òsì àti ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan náà. Mo mú ìwé ọmọ tó kàn, mo ń máàkì lọ.