Àmù Iwájú Ilé Wa

Bí ẹnikẹ́ni bá yìn mí pé èèyàn rere ni mí, ara mi máa ń bù máṣọ. Kì í ṣe ìrẹ̀lẹ̀ o. Ohun tí mo mọ̀ ni mo mọ̀.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdébìnrin ní Ìgbò-Ọrà, kí omi ẹ̀rọ tó dé àdúgbò wa, ìyá mi gbé àmù kan sábẹ́ igi ọ̀dán iwájú ilé fún àwọn tó ń ti oko bọ̀. Ó fi igbá dé e, ó gbé kọ́ọ̀pù lé e lórí. Ẹni tí òùngbẹ bá ń gbẹ, kó bù mu, kó máa lọ. Ìyá mi kì í wàásù fún ẹnikẹ́ni. Ó ní bí Jésù bá fẹ́ bá èèyàn sọ̀rọ̀, kó jẹ́ kí onítọ̀hún kọ́kọ́ mumi ná. Àwọn ìyá ìjọ kan a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwọn ìmàle ló ń fi omi rẹ̀ ṣe àlùwàlá. Ẹ̀rín ló máa ń rín.

Èmi ni mo ń pọn omi náà láti ọ̀gọ̀dọ̀ ẹ̀yìn ìlú. Lọ́dún kan, sòbìyà mú mi lẹ́sẹ̀. Ẹni tí kò bá gbé Ìbàràpá láyé ìgbà yẹn lè má mọ̀ ọ́n: aràn funfun tín-ín-rín bí òwú ni, tó ń dá egbò sí èèyàn lára, tó ń yọ jáde díẹ̀díẹ̀, tó sì ń ta bí iná. A gbà pé inú ẹ̀jẹ̀ ló ti ń wá. Omi tútù nìkan ló ń jẹ́ kó rọjú. Nítorí náà, bí mo bá ti dé ọ̀gọ̀dọ̀, màá wọ inú omi dé orúnkún, màá dúró títí oró náà á fi rọlẹ̀, kí n tó pọn omi mi. Ta ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀? Ìyá mi mọ̀; ó tiẹ̀ ní kí n má kánjú jáde.

Nígbà tó di ọdún kejì, tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, sòbìyà mú bàbá àgbẹ̀ tó ń gbé òdìkejì ọ̀nà. Ìmàle ni bàbá náà, kì í sì í ti oko bọ̀ kó má dúró nídìí àmù wa. Orúnkún ni tirẹ̀ ti yọ. Gbogbo ìlú ń gbin ẹ̀gúsí, òun jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀, ó na ẹsẹ̀. Kò ní ọmọ nítòsí, ìyàwó rẹ̀ sì ti darúgbó. Nígbà tí àwọn ẹlòmíràn ń kórè, igbó ló hù lóko tirẹ̀. Láfún tí ìyá mi ń gbé fún wọn ni wọ́n ń jẹ.

Àsìkò náà ni wolé-wolé kan wá sí àdúgbò wa. Ó bu omi àmù wa sínú ìgò, ó gbé e sójú oòrùn, ó ní ká wò ó. Àwọn nǹkan wínníwínní kan ń ta nínú rẹ̀. Ó ní àwọn ló ń gbé sòbìyà wọ inú ẹni tó bá mu wọ́n. Ó ní ẹni tó bá gbé egbò sòbìyà wọ omi ló ń kó o síbẹ̀, àti pé ó ń tó ọdún kan lára èèyàn kó tó yọ. Ó ní ká máa fi aṣọ sẹ́ omi wa. Àwọn ọkùnrin fi í rẹ́rìn-ín. Ìyá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó wo àpá ẹsẹ̀ mi, ó gbójú kúrò.

Lọ́jọ́ náà gan-an ló da omi àmù nù, ó sì dojú rẹ̀ dé. Ó sọdá sí òdìkejì, mo tẹ̀ lé e. Ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá náà.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí. Omi tí mo ń fún yín ló ṣe yín báyìí. Oore ni mo pè é."

Bàbá náà wo orúnkún rẹ̀.

"Ìyá Ìbejì, ṣé ìwọ lo kó o sómi ni?"

"Omi mi ni, Bàbá."

Àwọn àbúrò mi tí wọ́n jẹ́ ìbejì ni wọ́n fi ń pe ìyá mi bẹ́ẹ̀. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀, àpá ẹsẹ̀ mi ń yún mi. Ìyá mi mọ ẹni tó lè dárúkọ, kò dárúkọ mi. Èmi náà ò lanu. Ojú ń tì mí, ẹ̀rù ń bà mí, mo sì jẹ́ kí ìyá mi nìkan wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Dìde," bàbá náà wí. "Inú mi ò dùn, mi ò ní purọ́ fún ẹ. Oko mi ti lọ. Àmọ́ gbé àmù ẹ dìde. Tó o bá dojú ẹ̀ dé, níbo la ó ti máa mumi?"

Gèlè funfun tí ìyá mi ń wé lọ sí ilé Ọlọ́run ló mú, òun ló fi ń sẹ́ omi láti ọjọ́ náà, títí gèlè fi pọ́n bí ilẹ̀. Nígbà tí òjò tún rọ̀, oko bàbá náà la kọ́kọ́ ro kí a tó ro tiwa.

Mo ti gbọ́ ìwàásù rẹpẹtẹ lórí ìwà rere. Wọ́n a ní ṣoore, má wobẹ̀. Ìyá mi wo ibẹ̀, ó rí ohun tí oore rẹ̀ dá sílẹ̀, ó sì padà lọ tún un ṣe. Èmi ni mi ò rí ojú wo ibẹ̀.

Ẹsẹ̀ bàbá náà kò nà mọ́. Bó bá ti ń tiro bọ̀ láti oko, èmi ni mo máa ń bu omi fún un. Yóò gba kọ́ọ̀pù, yóò ní, "Ọmọ dáadáa, Ọlọ́run á gbà á ní sàráà." Ọmọ dáadáa ló ń pè mí títí tó fi kú, mo sì ń dáhùn.